Bí ẹ ṣe lè kó ìwé àwòrán Tutù àtijọ́ jọ ní Ẹ̀pẹ́, kí ọ̀rinrin má sì bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Nínú pálọ̀ àwọn àgbà ní Pópó-Ọba, Òkè-Balógun àti Ayétòrò, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ọdún tó ti lọ, àwòrán kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé dá mọ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀: ọmọbìnrin kan tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Tutù ni. Ben Enwonwu ló yà á nígbà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, láàárín 1971 sí 1975. Ọmọọba Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni kan tó ti wàjà, ló jókòó fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà á. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970, ọmọ Ìgbò ló mú búrọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ifẹ̀ ló jókòó, àwọn èèyàn sì gba àwòrán náà bí àmì ìlàjà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ìwé náà sì wọ ilé olówó àti ilé tálákà káàkiri Nàìjíríà.

Àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ọ̀dà yà ni wọ́n wá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2017, ọ̀kan nínú wọn, èyí tó yà ní 1974, jáde nínú ilé gbígbé kan ní London. Ilé gbàǹjo Bonhams sì tà á ní oṣù Èrèlé 2018 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 owó pọ́n-ùn. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wo ògiri bàbá wọn bí ẹni tó fi owó pa mọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: ohun tó wà lára ògiri wa ní Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìwé títẹ̀. Kò ní sọ yín di olówó. Àmọ́ ìwé náà ti ń tán lọ, nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà, oòrùn ojú fèrèsé àti ikán kì í sinmi, èyí tó sì ṣẹ́ kù kò pọ̀ tó bí àwọn tó ń wá a ṣe rò. Ẹni tó bá fẹ́ kó o jọ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì: bí a ṣe ń dá ìwé àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti àná, àti bí a ṣe ń tọ́jú ìwé ní ìlú tí omi yí ká.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ mú awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tutù. Bí kò bá sí awò, kámẹ́rà fóònù tó lè sún mọ́ nǹkan dáadáa á ṣe é. Bí ẹ bá rí àmì tíntìntín aláwọ̀ búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì ń yí ara wọn ká bí òdòdó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ló tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ ìwé àwòrán nígbà tí Tutù ń wọ ilé onílé. Bí àmì náà bá fọ́n ká láìtò, bí ìgbà tí èèyàn fín omi sára aṣọ tó ń lọ̀, ẹ̀rọ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́. Kò lè jẹ́ ti 1970 sí 1989, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí.

Àwọn kan máa ń fi tíì rẹ ìwé tuntun kó lè pọ́n. Ó rọrùn láti mú wọn. Tíì máa ń pọ́n ìwé ní déédéé, níwájú àti lẹ́yìn, a sì tún máa fi àmì etí omi sílẹ̀. Ọjọ́ orí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: etí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ibi tí férémù bò máa ń mọ́ ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lọ, ẹ̀yìn ìwé sì máa ń gbé àwọ̀ páákó tó ti sùn lé fún ogún ọdún, títí kan ìlà ìlà igi náà. Ìlà igi yẹn ṣòro láti ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ìbuwọ́lùwé Enwonwu tó wà lára àwòrán náà ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ gbé awò lé e. Bí ìbuwọ́lùwé fúnra rẹ̀ bá jẹ́ àmì tíntìntín bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, a jẹ́ pé ara ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sórí ìwé yín. Kò sọ ìwé náà di ayédèrú. Ó kàn túmọ̀ sí pé kí ẹ má san owó ìbuwọ́lùwé.

Èyí tó wà lórí káńfáàsì ńkọ́? Nǹkan mẹ́ta ló lè jẹ́. Àkọ́kọ́, àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí káńfáàsì, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara fa ìlà búrọ́ọ̀ṣì lé lórí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀: ìlà gọ́ọ̀mù náà á máa gba ọ̀nà tirẹ̀, kò ní tẹ̀ lé imú, kò ní tẹ̀ lé ètè, àmì tíntìntín á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èkejì, ẹ̀dà tí ayàwòrán mìíràn fi ọwọ́ yà. Ọjà iṣẹ́ ọnà ní Lẹkí kún fún wọn, kò sì sí àbùkù nínú wọn bí ẹni tó yà á bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ orúkọ Enwonwu ló kọ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́ Enwonwu gan-an. Ìyẹn kì í wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá ní òun ní i gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn: ta ló rà á, lọ́wọ́ ta, ọdún wo, fọ́tò rẹ̀ lára ògiri ta. Ìtàn ẹnu lásán kò tó.

Ohun tó máa ń kọ́ ojú jù lọ ni kí ẹ lọ wo ọ̀dà gidi. Láti Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yemisi Shyllon wà nínú ọgbà Pan-Atlantic University ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, lórí ọ̀nà Lẹkí sí Ẹ̀pẹ́, láti 2019. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá dé Èkó, ère Anyanwu tí Enwonwu ṣe wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, Ṣàngó rẹ̀ sì dúró níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina láti 1964. Ère ni méjèèjì, kì í ṣe àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo bí ọrùn Anyanwu ṣe gùn á mọ ibi tí ọrùn Tutù ti wá.

Bí a ṣe ń béèrè

Àwọn tó ní i kì í ṣe oníṣòwò. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, onígbàjámọ̀ àtijọ́, opó tí ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní fọ́tò-sítúdíò kí fóònù tó dé. Ẹ má fi owó ṣáájú. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ béèrè ìlera. Lẹ́yìn náà: «Màmá, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tó wà lókè yẹn, láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?» Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ máa kọ sílẹ̀: ọdún tí wọ́n rà á, ibi tí wọ́n ti rà á, ẹni tó kọ́ ọ sí ògiri. Bí Màmá bá ní òun kò tà á, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ kàn bá a tún férémù rẹ̀ ṣe. Ìwé tó wà ní ilé onílé tí a tọ́jú dáadáa sàn ju èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa tí a ò rí ṣí wò.

Bí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó yọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà ilé mọ̀, kí ẹ sì gba ìwé kékeré tó ní ọjọ́, iye àti ìbuwọ́lùwé.

Kí owó tó jáde lápò

Ẹ gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri kí ẹ tó ná an. Ojú tó mọ́ nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn lè jẹ́ ohun mìíràn ní ìta.

Àwọ̀ tó ti ṣá kò ṣeé dá padà. Nínú ìwé títẹ̀, yẹ́lò àti pupa ló máa ń kọ́kọ́ lọ, búlúù àti dúdú ló máa ń kẹ́yìn. Nítorí náà bí ojú Tutù bá ti di búlúù pátápátá, oòrùn ti jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo etí tí férémù bò: bí pupa bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti rí ohun tó sọnù. Ẹ lè rà á fún ìrántí, ẹ má san owó ìwé pípé.

Òórùn ń sọ nǹkan. Ẹ gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí àpótí aṣọ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ẹ sì rí èéhu funfun tàbí àmì ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀, ó ti ń bu. Ẹ má gbé e wọ yàrá tí àwọn ìwé yín yòókù wà.

Ẹ wo bóyá ojú ìwé lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ibi tó bá lẹ̀ máa ń dúdú, á sì máa dán bí ẹni pé ó tutù. Ẹ ó rí ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì níwájú.

Ẹ̀yà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páákó tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà bo ojú rẹ̀, tí wọ́n sì gé etí rẹ̀ ní dídà, tí wọ́n kùn ún ní dúdú. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní i. Ìyẹn kò ní férémù, kò ní gíláàsì, ẹ má sì gbìyànjú láti bó o: ìwé náà á ya sí wẹ́wẹ́. Ohun tó máa ń pa á ni omi tó ń gba etí páákó wọlé, tí páákó náà fi ń wú bí búrẹ́dì inú tíì, tí rọ́bà á sì máa ṣí. Bí kò bá tíì wú, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá, kí ẹ wá fi fáníìṣì kun ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí wákàtí 24 wà láàárín méjèèjì. Ojú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Yíyọ ìwé kúrò nínú férémù àtijọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn. Ẹ wá tábìlì ńlá, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ lé e. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ má kun ìpara. Ẹ ní ẹ̀mú kékeré, súkúdiráífà pẹlẹbẹ, abẹ tuntun, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀ tí kò tíì kan ọ̀dà rí, àti páálí funfun méjì tó tóbi ju àwòrán náà lọ. Kí fáànù wà ní pípa.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe wà. Bí ìwé ìròyìn bá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi tì í, ẹ má sọ ọ́ nù: ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìròyìn náà ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe férémù, ẹ̀rí tó sì dára ju ìtàn lọ ni. Ẹ fi í sínú àpò ọ̀tọ̀, ẹ má fi í kan àwòrán mọ́, nítorí ìwé ìròyìn wà lára ohun tó ń sọ ìwé mìíràn di pípọ́n.

Ẹ da ojú gíláàsì dé sórí aṣọ. Ẹ fi ẹ̀mú fa ìṣó jáde níkọ̀ọ̀kan, kí ó máa bọ̀ gbọọrọ. Ẹ má fi súkúdiráífà jálẹ̀ wọ́n sínú, torí ẹnu rẹ̀ lè fò ya ìwé. Bí ìṣó bá ti dógùn-ún tí kò jáde, ẹ gé orí rẹ̀. Ẹ gbé páákó ẹ̀yìn sókè láti igun kan, ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò bóyá ìwé ń bá a bọ̀. Bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé mọ́ páákó náà, ẹ dúró. Ẹ má fi abẹ gba àárín wọn. Ẹ dá páákó padà, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A lè ṣe férémù tuntun sí òun àti páákó rẹ̀.

Bí ìwé bá wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi páálí funfun kan lé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ di òun, ìwé àti gíláàsì mú pọ̀, kí ẹ yí wọn padà kí gíláàsì wá wà lókè. Ìgbà yìí ni ẹ ó gbé gíláàsì sókè, ní tààrà, kì í ṣe ní fífà. Bí igun kan bá lẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má gbé e sórí iná tàbí sínú oòrùn. Ìdí rẹ̀ rèé: ìwé tó ń dán ní amọ̀ funfun lójú, òun ló ń jẹ́ kó dán, bí ọ̀rinrin bá ti mú un lẹ̀ mọ́ gíláàsì, amọ̀ náà ti di gọ́ọ̀mù, bí ẹ bá sì fà á, àwọ̀ Tutù ni yóò dúró sára gíláàsì, ìwé funfun lásán ni yóò kù lọ́wọ́ yín. Gíláàsì yẹn ti di ara àwòrán nìyẹn. Ẹ nu ìta rẹ̀, ẹ ya fọ́tò tó dára láti ojú gíláàsì, kí ẹ sì tún un kọ́ sínú férémù tuntun pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀.

Ìwé tó ti wà ní kíká nínú páìpù tàbí lórí àjà fún ọdún púpọ̀ kò ní férémù, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ má ṣí i nígbà ọyẹ́: ó gbẹ, á sán. Ìgbà òjò, tí afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin díẹ̀, ìwé máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tú u díẹ̀ lórí tábìlì, ẹ fi ìwé ńlá méjì tẹ etí rẹ̀, ẹ tún tú u díẹ̀ lọ́la. Bó bá ti nà tán, ẹ fi í sáàárín ìwé funfun tó mọ́, ẹ gbé pátákó pẹlẹbẹ lé e àti ohun tó wúwo bíi kílò márùn-ún, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pààrọ̀ àwọn ìwé funfun náà ní ọjọ́ méjì méjì, kí wọ́n má di ibùgbé èéhu.

Nínu rẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, láti àárín sí etí. Lẹ́yìn náà, ìrésà funfun tó rọ̀ lórí etí funfun nìkan, kì í ṣe lórí àwòrán. Ó parí. Omi, ọṣẹ, búrẹ́dì, omi ọsàn àti bílíìṣì tí àwọn èèyàn ń sọ fún ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Fún èéhu, ẹ gbé ìwé náà sí yàrá gbígbẹ tí fáànù ń fẹ́ kọjá (kì í ṣe sí i lójú) fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí èéhu á fi gbẹ di eruku. Kí ẹ wá gbé e jáde síta lábẹ́ ibòji, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò. Ẹ bo imú àti ẹnu. Bí ẹ bá gbá a nígbà tó ṣì tutù, ẹ kàn ń kùn ún mọ́ ìwé ni. Àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tó bá kù lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀.

Sẹ́lótéèpù àtijọ́ tó ti pọ́n: bí rọ́bà rẹ̀ bá ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́, bí kò bá ṣí, kó wà bẹ́ẹ̀. Àbàwọ́n rẹ̀ ti wọ inú ìwé lọ.

Férémù tuntun tó bá ojú ọjọ́ wa mu

Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe férémù pé gíláàsì kò gbọdọ̀ kan ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà, ẹ ti kà á lókè. Kí àyè tó tó milimítà mẹ́ta wà láàárín wọn. Páálí tó nípọn, tí a gé ojú fèrèsé sí láàárín, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí páálí tí ẹ rí bá tín-ín-rín, milimítà kan ààbọ̀, ẹ lo méjì lórí ara wọn. Kó jẹ́ funfun dé inú: ẹ gé igun rẹ̀ wò, bí inú bá jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, irú rẹ̀ ló ń sọ etí ìwé di pípọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìwé náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 42, ó ga ní 60, àwòrán inú rẹ̀ sì jẹ́ 36 sí 54, tí etí funfun mẹ́ta mẹ́ta yí i ká. Ẹ má gé etí funfun náà láé. Ibẹ̀ ni orúkọ àwòrán àti ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ máa ń wà, ìwé tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ sì ti sọ ẹ̀rí rẹ̀ nù. Ẹ gé fèrèsé páálí sí 38 ní fífẹ̀ àti 57 ní gíga: sẹ̀ǹtímítà kan hàn lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì hàn nísàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lè ṣeé kà. Ẹ fi mẹ́fà mẹ́fà sílẹ̀ fún páálí yíká, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 50 sí 69. Kí inú férémù jẹ́ 50.3 sí 69.3, torí páálí máa ń wú nígbà òjò. Bí ó bá há, á tẹ̀, á sì ti ìwé mọ́ gíláàsì.

Kò sí gọ́ọ̀mù kankan tó gbọ́dọ̀ kan ìwé náà. Ẹ gé ìwé A4 funfun sí ìlà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́jọ. Ẹ ṣẹ́ etí méjèèjì sísàlẹ̀ láti àárín, kó di igun onígun mẹ́ta bí àpò kékeré. Ẹ ki igun ìwé àwòrán bọ inú àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá lẹ ẹ̀yìn àpò mọ́ páálí ìsàlẹ̀. Ẹ fi àyè milimítà méjì sílẹ̀ nínú àpò, kí ìwé lè nà nígbà òjò, kó sì sún kì nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá fún un pa, á wú ní àárín bí ikùn. Ìwọ̀n tí a fún yín yìí, fèrèsé páálí á bo àwọn àpò náà dáadáa.

Lẹ́yìn páálí ìsàlẹ̀, ẹ tẹ́ fọ́ìlì ilé ìdáná, kí omi igi má bàa wọ ìwé, kí ẹ tó fi páákó pẹlẹbẹ tó nípọn ní milimítà mẹ́rin tì í. Ẹ fi téèpù ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ dí gbogbo àyè tó wà láàárín páákó àti férémù, nítorí ọ̀nà yẹn ni aáyán àti àwọn kòkòrò ìwé ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má dí i ní Òkúdu tàbí Agẹmọ. Ọ̀rinrin tó wà nínú páálí lọ́jọ́ náà ni ẹ máa tì mọ́ inú. Ẹ ṣe é ní Ọ̀pẹ̀, Ṣẹ́rẹ́ tàbí Èrèlé, lẹ́yìn tí páálí, páákó àti ìwé ti jọ wà nínú yàrá gbígbẹ fún ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán. Bí òjò bá ká yín mọ́, ẹ kàn fi ìṣó tì í, ẹ fi téèpù sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Igi férémù: kí káfíńtà fi oògùn ikán kùn ún, kó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ìwé tó wọ inú rẹ̀. Òórùn oògùn tó ṣì tutù ń ba àwọ̀ jẹ́.

Ibi tí a ń gbé e kọ́

Kì í ṣe ibi tí oòrùn tààrà ti lè bà á, kódà fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Kì í ṣe ògiri tí òjò ń rọ̀ sí lára ní ìta; ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri náà lẹ́yìn òjò, bó bá tutù ju èyí tó wà láàárín ilé lọ, ẹ yan ti àárín ilé. Kì í ṣe òdì kejì ilé ìwẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí epo àti èéfín ẹja ti ń gbà kọjá, kì í ṣe ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọlé.

Ẹ lẹ rọ́bà kékeré tó nípọn ní milimítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn férémù kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Nǹkan kékeré yìí ṣe ju oògùn èyíkéyìí lọ. Ó tún ń jẹ́ kí ẹ lè rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán bá ń là bọ̀ lára ògiri kó tó dé igi.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n. Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èéhu máa ń rí àyè hù bí ọ̀rinrin bá kọjá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ní Ẹ̀pẹ́ sì rèé, afẹ́fẹ́ ìta máa ń kọjá 80 nígbà òjò. Nítorí náà kì í ṣe pé ẹ lè lé ọ̀rinrin tán; afẹ́fẹ́ tí kò dúró sójú kan ni ẹ ń wá. Fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́ máa ń tó, bí iná bá gbà. Láti Èbìbí títí dé Ọ̀wàrà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ nu ògiri. Àwọn tó ní kí a fi ìwé tí kòkòrò wọ̀ sínú fírísà ń sọ ohun tó ṣeé ṣe níbi tí iná kì í lọ. Níbí, bí yìnyín bá yọ́ ní àárín òru, omi á wọ ìwé.

Àwọn tí kò sí lára ògiri, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ pẹlẹbẹ nínú páálí funfun, kì í ṣe nínú ọ̀rá tí a dí ẹnu rẹ̀ pa, kì í sì ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kéré tán, kí ó ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30.

Àkọsílẹ̀ àti òfin

Ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí páálí ẹ̀yìn, kì í ṣe sára àwòrán. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ tó wà ní etí, àbùkù, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ àti ohun tó sọ, iye tí ẹ san, fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn.

Ìwé jẹ́ tiyín. Àwòrán orí rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Enwonwu kú ní 5 Èrèlé 1994, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 sì dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó kú, ìyẹn títí dé òpin 2064. Ẹ lè ta ìwé àtijọ́ tí ẹ rà. Ẹ ò lè gbé e sórí ẹ̀rọ kí ẹ tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà tà, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sára ife àti áńkárá, láìgba àṣẹ àwọn tó jogún ẹ̀tọ́ náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ ọnà gba pápákọ̀ òfuurufú jáde, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìrántí

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lè kó ìwé wọn wá sí gbọ̀ngàn kan kí gbogbo ìlú wò ó. Ọjọ́ ìbí Enwonwu ni 14 Agẹmọ 1917, ṣùgbọ́n òjò máa ń pọ̀ ní Agẹmọ. Ẹ fi í sí ọjọ́ ikú rẹ̀, ní Èrèlé, tí ilẹ̀ gbẹ, tí ọ̀nà sì dára. Gbọ̀ngàn ni kí ẹ lò, kì í ṣe kánópì: oòrùn máa ń gba abẹ́ kánópì wọlé láti aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ẹ fún ẹni tó yá yín ní ìwé ní rìsíìtì tó ní fọ́tò àti àbùkù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé férémù ní ìdúró nínú ọkọ̀, ojú sí ojú, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí aṣọ wà láàárín. Bí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn ní pẹlẹbẹ, kòtò ọ̀nà á fọ́ gíláàsì tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi téèpù ṣe àmì ìsọdipúpọ̀ ńlá sójú gíláàsì kó tó gbéra, kó lè di ara rẹ̀ mú bó bá fọ́, kí ẹ sì yọ téèpù náà lọ́jọ́ kan náà kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ má bàa le. Okùn ìkọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbé ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n férémù náà. Ẹ so àárín férémù mọ́ ibi tó ga tó mítà kan ààbọ̀ sí ilẹ̀, kí àgbà tó jókòó àti ọmọ iléèwé lè jọ rí i.

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ ìwé kékeré: ọdún tí wọ́n rà á, àdúgbò tó ti wà, àti bóyá orúkọ ẹni tó ni ín bí ó bá gbà kí ẹ kọ ọ́. Kí ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, nítorí àwọn tó bá wọlé á máa ní «a ní irú èyí nílé wa», àdírẹ́sì wọn sì ni ẹ ń wá.